Ariwo tàpẹ́ẹ̀tì, okùn tó ń já gbà lọ́wọ́, àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan táímìngì kámù

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni mo ní, ẹ́ńjìnì fóò-sítúróòkù onípístìnì kan. Ó ń jẹ ọ́ìlì, mẹkáníìkì bá tú u, ó pààrọ̀ ríìngì. Nígbà tó dì í padà tán, ariwo ta-ta-ta ń jáde lókè ẹ́ńjìnì, tí mo bá sì fa okùn á já a gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni ń bá mi jà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ìyẹn tàìtì tàpẹ́ẹ̀tì títí ariwo fi lọ. Ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n báyìí tó bá ti gbóná tí mo pa á, kò ní sítáàtì mọ́ àfi tó bá tutù, ó sì ń wúkọ́ sínú kábúrétọ̀. Ẹnì kẹta ní táímìngì kámù ló fo eyín kan, pé ká tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo lè ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fúnra mi? Èmi àbúrò yín."

Àbúrò mi, mo ka ìwé ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni mo ń rín o, àwọn mẹ́ta tó o gbé e lọ bá ni. Ohun tó o kọ yìí, tí èèyàn bá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ara ẹ̀ tán. Ohun tó ń já ẹ láyà ni pé wọ́n tún fẹ́ tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá wọ́n ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Lójú tèmi kò tíì débẹ̀. Mo rò pé ẹni àkọ́kọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tàpẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù (fáàfù ni ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde), nígbà tí pístìnì wà níbi tí kò yẹ, ẹnì kejì wá fún un pa kó lè dákẹ́, kámù, ọ̀pá oníkókó tó ń ṣí fáàfù, ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀, torí o lè yẹ̀ ẹ́ wò kó o rí i pé èmi gan-an ni mo ṣì í.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ rú ni "táímìngì" tí gbogbo èèyàn ń pè yìí. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ti kámù wà, ìyẹn bí eyín gíà kámù ṣe bá eyín gíà kìránkì (ọ̀pá tí pístìnì ń yí) mu, ìgbà tí wọ́n bá ń di ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń ṣe é, tí wọ́n bá sì ti dé kọ́fà ẹ̀gbẹ́ báyìí kò sí ohun tó máa yí i padà mọ́ àfi tí eyín bá kán. Ti iná pọ́lọ́ọ̀gì tún wà: mágínẹ́ẹ̀tì kan wà lára fuláíwíìlì, wíìlì irin ńlá tó wà létí kìránkì, ìgbà tó bá kọjá níwájú kọ́ìlì ni iná ń ta, kíì irin kékeré kan tí kò tó ìka ọmọdé ló sì mú fuláíwíìlì dúró sójú kan lórí kìránkì. Tí kíì yẹn bá gé díẹ̀ báyìí, iná á máa ta lásìkò tí kò yẹ, okùn á máa gba èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á ní kámù ni. Ìkẹta ni àlàfo tàpẹ́ẹ̀tì, àyè tín-ín-rín tó wà láàárín rọ́kà, apá irin tó ń tẹ fáàfù ṣí, àti orí ọ̀pá fáàfù. Èyí kì í ṣe táímìngì rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá fẹ̀ jù fáàfù á pẹ́ kó tó ṣí, á sì tètè pa. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé "táímìngì ni", bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí kò bá lè dáhùn, gba sípánà ẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Pístìnì á sọ̀kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Á gòkè, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Iná á ta, á tì í sílẹ̀. Á tún gòkè, á tú èéfín dànù. Kìránkì ti yí lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, fáàfù kọ̀ọ̀kan sì ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí eyín gíà kámù fi jẹ́ ìlọ́po méjì ti kìránkì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń sáré 3000 ní ìṣẹ́jú kan, kámù ẹ̀ ń yí 1500, ìyẹn ni pé fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ó ń pa nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tí iná sì ta, fáàfù méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó pa pátápátá, kò gbọ́dọ̀ ku bíńtín. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kó dá wa lójú pé rọ́kà ò tẹ fáàfù mọ́lẹ̀ nígbà tó yẹ kó pa. Fáàfù èéfín ló nílò ẹ̀ jù, torí inú iná ló ń gbé, ìgbà tó bá fi ara kan ìjókòó ẹ̀ nìkan ni ooru ń rí ọ̀nà gbà jáde lára ẹ̀ dáadáa. Tí kò bá jókòó tán, iná á máa gba etí ẹ̀ kọjá, á sì máa jẹ ẹ́ níbi kan ṣoṣo títí á fi lu. Mo ti yọ irú ẹ̀ rí tí etí ẹ̀ dà bí àkàrà tí eku gé jẹ.

Torí náà ariwo tàpẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe ọ̀tá tí gbogbo èèyàn kà á sí. Ẹ́ńjìnì olórí rọ́kà gbọ́dọ̀ pariwo díẹ̀, ti-ti-ti wẹ́wẹ́, torí àlàfo ló ń dún bẹ́ẹ̀. Èyí tó dákẹ́ lọ gbári ni kó o bẹ̀rù. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, fáàfù ń jẹ ìjókòó ẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá ẹ̀ á máa yọ sún mọ́ rọ́kà, àlàfo á máa dínkù, ariwo á máa lọ sílẹ̀, olówó ẹ́ńjìnì á ní "ó ti ń dáa sí i." Kò dáa sí i o, ó ń kú lọ ni. Ẹnì kejì tó fún tiẹ̀ pa kó lè dákẹ́ yẹn, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ẹni àkọ́kọ́, torí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Pístìnì máa ń dé òkè téńté lẹ́ẹ̀mejì nínú iṣẹ́ kan. Ìgbà kan ni òkè tó ti tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tán, fáàfù méjèèjì pa, ibẹ̀ là ń ti ṣẹ́ẹ̀tì. Ìgbà kejì ni òkè tó ti tú èéfín tán, níbi tí fáàfù èéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa tí ti àwọlé sì ti ń ṣí, kámù ń tẹ méjèèjì díẹ̀. Tí o bá wo pístìnì nìkan, òkè méjèèjì jọra bí ìbejì. Tí èèyàn bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní òkè kejì yìí, géèjì, abẹ irin tá a fi ń wọn àlàfo, ò ní wọlé, á bá dẹ nọ́ọ̀tì títí á fi wọlé. Tí kámù bá wá yí kúrò níbẹ̀, bó ṣe ń gbé rọ́kà sókè tẹ́lẹ̀ á di àfikún sórí àlàfo tó ṣẹ́ẹ̀tì, àlàfo á fẹ̀ gan-an, ariwo ta-ta-ta á bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo sì búra fún ọ̀gá mi pé géèjì ni mo lò, géèjì ni mo lò lóòótọ́, òkè tí kò yẹ ni mo ti lò ó.

Ti okùn tó ń já gbà lọ́wọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré tó ń lo okùn ní irin kékeré kan lára kámù tó máa ń yọ imú síta nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́, á gbé fáàfù èéfín sókè bíńtín nígbà tí pístìnì bá ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀, kí díẹ̀ lára ẹ̀ sá jáde, kí okùn lè rọ̀ ní fífà. Tí ẹ́ńjìnì bá ti sáré, imú yẹn á fà sẹ́yìn. Gbígbé yẹn kéré gan-an. Tí àlàfo fáàfù èéfín bá ti fẹ̀ jù, imú á na ọwọ́ kò ní kan nǹkan kan, gbogbo kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, agbára afẹ́fẹ́ tí pístìnì tẹ̀ pọ̀, á wà níbẹ̀ pátá, pàápàá tí ríìngì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òun ló ń fa okùn padà. Ṣé o rí i, ariwo àti okùn, àìsàn kan náà ni. Ẹnì kejì wá tàìtì ẹ̀ kọjá ààlà, àlàfo dòfo, tó bá gbóná fáàfù ò jókòó tán mọ́, kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n lọ, kò ní sítáàtì, èyí tí fáàfù àwọlé ò lè dì mú á gba kábúrétọ̀ wúkọ́ jáde. Gbogbo ohun tó o kọ ló bá a mu, a ò tíì dárúkọ kámù rárá.

Bí wàá ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nìyí, o sì lè ṣe é fúnra ẹ. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù, mo ní tutù, kó ti sùn mọ́jú, torí nọ́ńbà inú ìwé wà fún ẹ́ńjìnì tútù. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lóoru pé "bó ṣe máa wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn", wọn ò rántí pé aluminiọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnì náà ń gùn tó bá gbóná, ó tiẹ̀ ń gùn ju irin ọ̀pá fáàfù lọ, ohun tí wọ́n ń wọ̀n lóoru á yàtọ̀. Yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Yọ kọ́fà orí, rọra ṣe gáskẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Fi ìka dí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, máa fi ọwọ́ yí fuláíwíìlì sí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì ń yí sí, ojú ẹ wà lára rọ́kà. Wàá rí rọ́kà fáàfù àwọlé tó máa tẹrí ba bí alángbá, á sì gbórí padà. Lẹ́yìn tó bá ti gbórí padà báyìí, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìka ẹ. Òkè tó ń bọ̀ yẹn ni tiwa. Ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá ike sínú ihò náà, má lo irin tó lè ha ara pístìnì, títí igi á fi dúró tí kò ní gòkè mọ́ tí kò sì tíì máa sọ̀kalẹ̀. Fi ọwọ́ mi rọ́kà méjèèjì wò. Nínú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ́ẹ̀tì dáadáa, méjèèjì á mì fẹ́ẹ́. Tìẹ, mo fura pé wọn ò ní mì rárá. Ṣọ́ra fún imú kékeré tí mo sọ yẹn, torí tí pístìnì ò bá tíì dé òkè tán ó ṣì lè máa gbé fáàfù èéfín, wàá wá ṣẹ́ẹ̀tì lórí irọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé àwọn ẹ́ńjìnì Briggs & Stratton kan fi ní kí pístìnì sọ̀kalẹ̀ bíi 6 mm kọjá òkè kéèyàn tó wọ̀n ọ́n.

Ti nọ́ńbà, kò sí kan tó bá gbogbo ẹ́ńjìnì mu, má gbà fún ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n sórí. Ọ̀pọ̀ Honda GX160 ń lo 0.15 mm fún àwọlé àti 0.20 mm fún èéfín, kó lé tàbí dín ní 0.02. Honda CG125, ti alùpùpù, 0.08 mm ni fún méjèèjì, ìyẹn bí ìlàjì. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe fara wé GX160, tìẹ náà lè wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ìwé tìẹ gan-an ni kó o wò. Ohun tá a fi ń wọ̀n ọ́n ni fílà géèjì, kì í ṣe fìlà orí o, abẹ irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lo abẹ ayùn irin. Abẹ ayùn irin nípọn tó 0.6 mm, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí fáàfù èéfín GX160 ń fẹ́! Tí kò bá sí géèjì rárá, ewé pépà ìkọ̀wé lásán tó 0.10 mm, èyí ṣì sàn ju ayùn lọ, ṣùgbọ́n pépà ń rún, ń fà, ń mu ọ́ìlì, mi ò ní fi ọkàn tán an. Ki géèjì sáàárín rọ́kà àti orí fáàfù, fà á. Kò gbọ́dọ̀ bọ́ lọ yọ̀bọ́ láìkan nǹkan, kò sì gbọ́dọ̀ há débi pé ó ń tẹ̀ tó o bá tì í. Bí ìgbà tó o bá ń fa ìwé kan jáde lábẹ́ ìwé ńlá, bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ nìyẹn. Ohun tó máa wá pa ẹ́ lára ni nọ́ọ̀tì tó ń de é, torí tó o bá tàìtì ẹ̀, ó máa fẹ́ yí èyí tó o ṣẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé ara ẹ̀, nítorí náà fi sípánà kan di èyí mú, fi èkejì tàìtì nọ́ọ̀tì, kó o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣe é tipẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì ń ṣe é kó tó dúró síbi tí mo fẹ́. Tó o bá parí, yí fuláíwíìlì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, padà sí òkè kan náà, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn èyí nìkan la tó lè gbọ́ ẹjọ́ kámù, torí tí àlàfo ò bá tọ́, ìdánwò tí mo fẹ́ sọ yìí á parọ́. O ò ní tú ẹ́ńjìnì. Yí fuláíwíìlì lọ sí òkè kejì, òkè èéfín, tí rọ́kà fáàfù èéfín ń gbórí bọ̀ tí ti àwọlé sì fẹ́ tẹrí. Níbi tí pístìnì bá ti wà lókè téńté, mi fuláíwíìlì síwá sẹ́yìn díẹ̀. Rọ́kà méjèèjì á máa ṣe bí ọmọ méjì tó ń gun jáńgílọ́fà, èyí ń lọ sókè, ìyẹn ń bọ̀ nílẹ̀, àárín ibi tí wọ́n ti ń gba ara wọn á sì sún mọ́ òkè téńté pístìnì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kámù ẹ ò fo eyín kankan, sọ fún ẹnì kẹta kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n tí pístìnì bá wà lókè, tí fáàfù èéfín ṣì ṣí gbayau, tí ti àwọlé ò tíì mira rárá, kámù ti pẹ́ sẹ́yìn. Tí ti èéfín bá ti pa tipẹ́ tí ti àwọlé sì ti wọlé gan-an, ó ti yá jù. Eyín kan kì í ṣe nǹkan kékeré: tí gíà kámù bá ní eyín 40, eyín kan jẹ́ digíríì 9 lórí kámù, ó sì jẹ́ 18 lórí kìránkì, ojú lásán lè rí i. Ohun tí ìdánwò yìí ò lè rí ni kámù tí imú ẹ̀ ti jẹ tàbí ìyàtọ̀ digíríì méjì mẹ́ta.

Mi ò fẹ́ kó o fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹnì kẹta yẹn ṣá. Nínú irú ẹ́ńjìnì báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara ẹ́ńjìnì àti sìlíńdà jẹ́ ẹyọ kan, èèyàn ò lè yọ pístìnì láì ṣí kọ́fà ẹ̀gbẹ́ kó sì yọ kámù kúrò lọ́nà, torí náà ẹni tó pààrọ̀ ríìngì ẹ ti fọwọ́ kan gíà yẹn, àyè àṣìṣe wà. Tí jáńgílọ́fà bá fi hàn pé ó fo eyín, kò sọ́gbọ́n, wọ́n á tún ṣí i. Àmì wà lára gíà méjèèjì, ihò kékeré tí wọ́n lù sí i, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra níbi tí eyín ti wọnú ara wọn. Nu ọ́ìlì kúrò dáadáa kó o tó wò ó, mo ti rí ẹni tó fi ìdọ̀tí ṣe àmì. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tàpẹ́ẹ̀tì inú, àwọn irin olórí pẹlẹbẹ tí kámù ń tì, já bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ki kámù bọlé. Kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì lọ́nà tí wọ́n á fi jókòó sẹ́yìn sínú ihò wọn. Kí àwọn ọ̀pá tó ń ti rọ́kà náà jókòó sínú kòtò wọn, torí ọ̀pá tó bá jókòó ẹ̀gbẹ́ á tẹ̀, á sì tún bí ariwo mìíràn.

Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ alùpùpù tó ní kámù lórí, tó ń lo ṣéènì, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀, torí ṣéènì lè fo eyín lóòótọ́ tó bá ti gbó tàbí tí ohun tó ń fà á bá kú. Àmì T ara fuláíwíìlì ni òkè téńté, F jẹ́ ti iná pọ́lọ́ọ̀gì, ọ̀pọ̀ ló ń fi F ṣe T tí wọ́n sì ń ṣàárẹ̀ lásán. Tí wọ́n bá dì í tán, kí wọ́n fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbá kíìkì. Tó bá kan nǹkan líle nínú, kí wọ́n dúró, kí wọ́n má fi agbára tì í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lè ti kọjá èmi àti ìwọ ni fáàfù tó ti jóná. Mi ò mọ iye wákàtí tó o fi lò ó lẹ́yìn tí ẹnì kejì fún un pa. Tó bá ṣe ọjọ́ kan tàbí méjì, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má tíì ṣe é. Tó bá pẹ́, tó o bá ṣẹ́ẹ̀tì dáadáa tán tí kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n ò sì padà, fi pístìnì sí òkè tí fáàfù méjèèjì pa, kí ẹnì kan di fuláíwíìlì mú gírígírí, fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò pọ́lọ́ọ̀gì wọlé, kó o gbọ́ ibi tó ń gbà jáde: tó bá ń dún nínú sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni, tó bá jẹ́ kábúrétọ̀, ti àwọlé ni, tó bá jẹ́ ihò ọ́ìlì, ríìngì tuntun yẹn fúnra ẹ̀ ni ká bi. Fáàfù tó ń jò díẹ̀ ṣeé lọ̀ mọ́ ìjókòó ẹ̀, èyí tó ti lu kò ṣeé lọ̀, tuntun ni. Tó bá sì jẹ́ pé okùn ṣì ń jà pẹ̀lú ẹ lẹ́yìn tí àlàfo ti tọ́, yọ fuláíwíìlì, wo kíì yẹn kó o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́. Kó o tó yí nọ́ọ̀tì kankan, wọ̀n bí àlàfo méjèèjì ṣe wà lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí ní òkè tó yẹ, kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Tí géèjì tó tín-ín-rín jù ò bá wọlé rárá, a ti mọ ẹni tó ṣe é. Tí àlàfo bá wà níbẹ̀ dáadáa, á jẹ́ pé mo ti ṣì í, ká wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kíì àti kámù.